Ta ló ní àṣìṣe ni "he says" nínú ìtàn àná?

"Ohun tó bá ti kọjá, àsìkò tó ti kọjá la fi ń sọ ọ́." Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, a sì dì í mú bí òfin Mósè. Ẹni tó bá wá ní "I was at the bus stop on Friday, and this man comes up to me and says...", kíá la ti máa ń yínmú sí i pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó gbọ́ ọ. "Was" ló fi bẹ̀rẹ̀, "on Friday" sì ti jẹ́ ká mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìtàn ti fẹ́ gbóná, tí ọkùnrin yẹn yọ sí i, ló ti bọ́ sórí "comes" àti "says", kó lè dà bíi pé ojú àwa tá à ń gbọ́ ọ ló ṣe. Historic present làwọn onígírámà ń pè é. Àwọn tó ni èdè ń lò ó lójoojúmọ́, pàápàá tí wọ́n bá ń dápàárá.

Àwọn kan ní àṣàkaṣà àwọn ọmọ ìwòyí ni. Ẹ ṣí Bíbélì King James, ti ọdún 1611, sí Máàkù 11:15: "And they come to Jerusalem: and Jesus went into the temple". "Come" àti "went" nínú ẹsẹ kan ṣoṣo! Àwọn atúmọ̀ ò sì tòògbé o. Bí "come" yẹn ṣe wà nínú èdè Gíríìkì tí Máàkù fi kọ ọ́ nìyẹn. Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà lò ó nínú nǹkan bí ìdajì ìwé ìtàn rẹ̀, Bleak House, tó jáde ní 1852 sí 1853. Ká má tíì sọ ti àwọn oníwèé ìròyìn wa: iná ti jó ọjà tán, eérú ti tutù, "Fire guts market" ni wọ́n máa kọ gàdàgbà.

Èyí tó jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́ ni "Yesterday I go to market and I bought yam, then I come home." Kò sí ibi tí ìtàn yẹn ti gbóná, ẹni tó kọ ọ́ kàn gbàgbé ni. Nítorí irú èyí làwọn tíṣà ṣe ń fi dandan lé e pé kí ọmọ tó ń kọ àròkọ WAEC má kúrò lórí àsìkò tó ti kọjá. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ kí wọ́n má pè é ní òfin èdè.

Ó ṣe tán, nílé ìwé kan náà, tíṣà lítíréṣọ̀ máa ń fẹ́ "dies" tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fi bíírò pupa fagi lé. Tó o bá ń kọ nípa eré tí Ṣóyínká kọ, Death and the King's Horseman, "Olunde dies in his father's place" lo máa kọ. Tó bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Ọ̀yọ́ láàárín àwọn ọdún 1940, tí Ṣóyínká gbé eré náà kà, lò ń ròyìn, "died" ni.