Ṣé Ẹyin Ló Ń Sọ Ọmọ Di Olè?

Ní Iléṣà, bí ìyá ọlọ́mọ bá bó ẹyin fún ọmọ ọdún kan àbọ̀, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan nínú agbo ilé yóò fi sọ pé, "Ìyàwó, má fi ẹyin kọ́ ọmọ yìí lólè o." Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ti ìkà. Ẹyin àti ẹran wọ́n, àwọn àgbà sì gbà pé ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá ti mọ adùn wọn láti kékeré yóò yọ́ lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí owó. Ní tèmi, ọmọ tí wọn kì í fún lẹ́ran ni mo sábà máa ń rí nídìí ìkòkò.

Ohun tí ọmọ náà ń mu dípò ẹyin ni ògì. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, ó nílò oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà mọ́ ọmú. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sì sẹ́ ti pàdánù apá kan nínú púrótéènì rẹ̀, èròjà tí ń mú ara dàgbà, sínú omi àti èérí tí à ń dà fún ewúrẹ́, ìyókù ni a sì tún fi omi gbígbóná là. Ikùn ọmọ kún, ó gùnfẹ̀, ó sùn, ara rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan fi kọ́lé. Ẹyin kan ṣoṣo ní púrótéènì bíi gíráàmù 6, èyí tó sún mọ́ ìdajì ohun tí ọmọ ọdún méjì nílò lóòjọ́.

Nígbà tó bá yá, ojú àti ẹsẹ̀ ọmọ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, a sì fẹ́lẹ́, àwọn aládùúgbò a ní ó ń sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀: bí ojú ibẹ̀ bá jinnú tí kò tètè padà, omi ni, kì í ṣe ẹran ara, ilé ìwòsàn ló sì kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kwashiorkor nìyẹn, orúkọ tí Dókítà Cicely Williams mú láti inú èdè Gá ní Gánà, tó sì gbé jáde ní 1935. Àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ọmú mọ́ lẹ́nu ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Iléṣà wa yìí kan náà, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí káàdì ìwọ̀n ọmọ ní àwọn ọdún 1950, káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. Ìlà tí a fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì yẹn a ti dúró sójú kan, kò ní gòkè mọ́, kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i pé ọmọ ń rù.

Èèwọ̀ yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan, nítorí a tún ń sọ fún aboyún pé bó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ yóò máa da itọ́. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ tó ń hu eyín ló ń da itọ́.

Ẹyin tó jinná dáadáa ni kí a fọ́ sínú ògì tó ki. Bí owó ẹyin kò bá sí, ẹ̀wà tí a bó tí a sì sè rọ̀, pẹ̀lú edé gígún, a máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí àgbà kankan sọ pé ẹ̀wà ń sọ ọmọ di olè.