Ta Ló Ní Ewé Ara Aṣọ Àtijọ́, Búlúù Ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí wọ́n bá ti gbé aṣọ olódòdó tí wọ́n ń pè ní chintz jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń rán kaba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1700 sí 1800, ẹnì kan á ní: "Ẹ wo ewé rẹ̀! Àwọn ará ìgbà yẹn mà fẹ́ràn ewé búlúù o." Àwọn tó ń tẹ àwòkọ rẹ̀ lónìí náà gbà á gbọ́, ewé búlúù ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ní ojúlówó ni.

Pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, ta ni ò mọ̀? Ewé ni mo bá wá.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, wọn ò ní aró kan ṣoṣo tó ń mú àwọ̀ ewé jáde lára òwú. Búlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kun ewé, kí wọ́n tó fi àwọ̀ ìyeyè lé e lórí. Ọmọ ìyá ẹlú tiwa ni búlúù náà. Ẹ bi àwọn aláró Abẹ́òkúta, àdìrẹ lè gbó kí búlúù rẹ̀ tó lọ. Ìyeyè yẹn ni kò lágbára. Ara ewéko kan, weld, ni wọ́n ti ń fà á, álọ́ọ̀mù ló ń dì í mú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á lọ́dọọdún ló ń ṣá, títí yóò fi ku búlúù nìkan. Ẹ tú ìṣẹ́po kaba bẹ́ẹ̀ wò, níbi tí oòrùn ò dé: ewé sábà máa ń tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀.

Àbí igi tiwọn ló ń rú búlúù ni?

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣá o. Àwọn aṣọ kan wà tó jẹ́ búlúù lórí funfun látòkèdélẹ̀, tòdòdó tewé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìyẹn ni. Ó sì lè jẹ́ pé ayàwòrán kan fẹ́ ewé búlúù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí pupa bá ṣì wà lára òdòdó, tó jẹ́ ewé nìkan ló dá yàtọ̀, oòrùn ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má fi kọ́ ojú fèrèsé. Ẹ má fọ̀ ọ́ pé kí ìyeyè lè padà. Èyí tó ti ṣá kì í padà. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín nítorí ewé búlúù, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí ìṣẹ́po rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.