Yàrá Etí Òkun ní Barbados: Kí Ni Ká Béèrè Ká Tó Sanwó?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ sinmi ní Barbados, nítorí pé bàálù ń lọ síbẹ̀ tààrà, ìrìnàjò náà kò sì ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Láti ìgbà tí mo ti mú ìyá mi lọ ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti ń bi mí ní ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà, pé èwo nínú àwọn yàrá etí òkun ni kí àwọn gbà. Mo kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Mo rí yàrá méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní etí òkun ni méjèèjì wà, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ló dé tí àwọn tó dé sí ọ̀kan ń yìn ín, tí àwọn tó dé sí èkejì sì ń ráhùn pé àwọn kò lè fi ẹsẹ̀ kan omi?

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló fà á. Erékùṣù kékeré ni Barbados. Láti àríwá dé gúúsù rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíi 23, ṣùgbọ́n láti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ ibẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń ti ìgbì bọ̀. Ẹni tó bá dúró ní Bathsheba, ní ìhà ìlà-oòrùn, tó kọjú sí òkun, omi nìkan ló wà níwájú rẹ̀ títí dé etí ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà. Gbogbo agbára tí ìgbì ti kó jọ láti ọ̀nà jíjìn yẹn, ara àpáta Bathsheba ló ń là á mọ́. Àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì fẹ́ràn ibẹ̀ bí ojú, ṣùgbọ́n òkun tó ń fa ènìyàn lọ ni, kì í ṣe òkun tí à ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti Holetown dé Speightstown, erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ló dúró bí ògiri lẹ́yìn etíkun. Omi ibẹ̀ a máa dákẹ́ rọ́rọ́, débi pé bí ẹ bá wọ̀ ọ́ dé àyà, ẹ ó ṣì máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Gúúsù wà láàárín àwọn méjèèjì: ìgbì wà, àmọ́ kò le jù. Etíkun kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Accra. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ náà lára pátákó.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwòrán ibùsùn, ẹ kọ́kọ́ wo máàpù, kí ẹ mọ ìhà tí ilé ìtura náà kọjú sí.

Ìbéèrè: Ṣé ìwọ̀-oòrùn ló dára fún gbogbo ènìyàn nígbà náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó ń gba omi ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́ ìgbì náà ló ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Faranda yàrá wa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gan-an. Ní òwúrọ̀, ibẹ̀ tutù, a sì jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbádùn. Nígbà tí ó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn a wọlé tààrà, àga onírin tó wà níbẹ̀ a sì gbóná débi pé aṣọ ìnura méjì ni ìyá mi ń tẹ́ lé e kí ó tó lè jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, inú yàrá ni a ń sá sí, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, a ó máa ti ẹ̀yìn gíláàsì wo òkun tí a torí rẹ̀ sanwó. N kò lè parọ́ ṣá, ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Láàárín aago márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà àbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Barbados jálẹ̀ ọdún, ẹni tó bá sì jókòó sí irú faranda bẹ́ẹ̀ lákòókò yẹn yóò gbàgbé ooru ọ̀sán.

Ẹni tí ooru kì í bá lára mu, tó sì fẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba inú yàrá kọjá, gúúsù ni kó lọ. Kìkì pé kó yẹra fún yàrá tó bá sún mọ́ St Lawrence Gap bí kò bá fẹ́ràn ariwo, nítorí pé ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló kún òpópónà yẹn, orin wọn kì í sì í tètè dákẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "beachfront", "oceanfront" àti "ocean view"? Gbogbo wọn kọ́ ni òkun ni?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni owó ti ń bọ́ sọnù jù. Èyí àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ pé iyanrìn ló wà níwájú ilé. Èyí kejì ní ìtumọ̀ pé omi ló wà níwájú ilé, kò sì sọ pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ẹ wo ilé ìtura The Crane, tó ti wà láti ọdún 1887 ní gúúsù-ìlà-oòrùn erékùṣù náà: orí àpáta gíga ló wà, ó rẹwà lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tàbí lífíìtì ni ènìyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé orí iyanrìn. Àbùkù kọ́ nìyẹn, ó kàn yẹ kí ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀ ọ́n kó tó sanwó ni.

Ní ti ẹ̀kẹta, gbogbo ohun tó ṣèlérí ni pé ojú yín yóò rí òkun láti ibì kan nínú yàrá náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, irú rẹ̀ ni mo gbà. Ọgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà níwájú mi. Láti rí òkun, mo ní láti fara ti irin faranda, kí n na ọrùn bí àgùnfọn sí apá òsì, kí n wá rí ohun búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín òrùlé méjì. Mo pe àwọn tó wà nídìí iṣẹ́, wọ́n sì fi sùúrù sọ fún mi pé òkun náà nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ẹ bá wá rí ọ̀rọ̀ náà "partial" níwájú rẹ̀, ẹ má retí ju ohun tí mo rí yẹn lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ìsàlẹ̀ ni kí n gbà ni, àbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ìdáhùn: Nítorí orúnkún ìyá mi, ìsàlẹ̀ ni a gbà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé orí iyanrìn kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀lé e. Ti gbogbo ènìyàn ni etíkun ní Barbados, ilé ìtura kankan kò lè ní tòun ni. Àwọn tó ń sáré òwúrọ̀ yóò kọjá níwájú yín, àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ yóò kí yín, àwọn ọmọdé yóò ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ìyá mi fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òun àti ìyá kan tó ń ta aṣọ ti di ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ lójú ara rẹ̀ nìkan, òkè ni kó gbà, atẹ́gùn ibẹ̀ náà sì pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn pẹ̀lú ń ṣe ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, pàápàá bí ewéko bá yí yàrá náà ká.

Ohun kan tún wà. Ìjàpá òkun a máa gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn ibẹ̀ lóru, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti àwọn ará Yúróòpù. Iná tó bá ń tàn láti yàrá etíkun a máa ṣi àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́nà, wọn a sì máa rìn lọ síhà ilé dípò omi. Nítorí èyí, bí wọ́n bá ní kí ẹ pa iná faranda tàbí kí ẹ fa kọ́tìnnì ìsàlẹ̀ dé, ẹ má rò pé wọ́n ń ṣahun.

Bí igi bá sì wà níwájú yàrá, ẹ béèrè irú igi tó jẹ́. Igi kan tí wọ́n ń pè ní manchineel ń hù létíkun, èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, májèlé sì ni. Omi òjò tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ a máa bó ènìyàn lára. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí i.

Ìbéèrè: Wọ́n ní koríko kan ń bo etíkun tó sì ń rùn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Láti ọdún 2011 ni sargassum ti ń ya wọ àwọn erékùṣù Kàríbíánì lọ́pọ̀ yanturu, ọdún 2018 sì wà lára èyí tó pọ̀ gan-an. Orí omi ló ń léfòó sí, ibi tí afẹ́fẹ́ àti omi bá gbé e lọ ló ń lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlà-oòrùn àti gúúsù-ìlà-oòrùn ni ó ń kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, tí ìwọ̀-oòrùn sì sábà máa ń mọ́. Bó bá ti jókòó sórí iyanrìn nínú oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń rà nìyẹn, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Inú àwọn oṣù tó wà láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń pọ̀ jù. Àwòrán tí ilé ìtura fi sójú ìpolówó, ọjọ́ tí ibẹ̀ mọ́ ni wọ́n yà á, nítorí náà àwòrán tí àwọn àlejò yà ní oṣù tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ wá.

Ìbéèrè: Ìgbà ìjì ńkọ́? Owó yàrá dínkù gan-an nígbà náà.

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà dé ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni ìgbà ìjì líle. Barbados wà ní ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù yòókù, ọ̀pọ̀ ìjì sì máa ń gba àríwá rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìjì Janet ti ọdún 1955, Elsa ti oṣù Keje ọdún 2021 ni ìjì líle tó tún kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Keje ọdún 2024, gúúsù ni Beryl gbà kọjá, síbẹ̀ ìgbì rẹ̀ fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja. Bí ẹ bá fẹ́ lọ nígbà yẹn nítorí owó, n kò ní dá yín lẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹ gba yàrá òkè, kí ẹ sì san irú owó tí wọ́n lè dá padà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ sí wọn gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má béèrè bóyá yàrá náà dára, nítorí pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọn yóò sọ. Ẹ béèrè ìhà tí faranda kọjú sí, àjà kelòó ni yàrá náà wà, àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé iyanrìn, ohun tó wà láàárín faranda àti omi, àti bóyá ilẹ̀kùn kan so yàrá náà mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá náà ránṣẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n báyìí kí èmi àti ìyá mi tó lọ, obìnrin tó dá mi lóhùn kọ̀wé pé yàrá tí mo mú kọjú sí òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, pé tí mo bá lè gba èyí tó tẹ̀lé e sápá àríwá, owó kan náà ni.