Eyín ráwútà ni, kì í ṣe ìlu

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ igi, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe “router bit” ní “ìlu” mọ́. Ohun tí a fi ń dá igi lu ni ìlu. Ó wọlé, ó jáde, ihò ló fi sílẹ̀. Èyí tí à ń kì bọ ẹnu ráwútà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ etí igi, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń jẹ igi. Bó ṣe ń yí ló ń bù ú jẹ, títí etí tábìlì yóò fi dán. Pé òmíràn lè kọ́kọ́ wọlé lóòró kò sọ ọ́ di ìlu.

Àwọn kan ní “bíìtì” ti tó. Kò tó! Ti dírílì náà ń jẹ́ bíìtì. Rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra bíìtì l'Ádó, ti dírílì ni yóò gbé bọ̀. Mo tún ti rí ẹni tó kọ ọ́ ní “irin-afiyípo-gbẹ́gi”. Ta ni yóò pe ìyẹn tán nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké?

Eyín ráwútà ni mo ń pè é. Ayùn ti ní eyín tipẹ́, kò sí káfíńtà tó ń béèrè ìtumọ̀ eyín ayùn. Èkìtì kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ igi ti wọ́n, níbi tí Olówè ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí wọ́n gbé lọ hàn ní London ní 1924.

Orúkọ yìí náà ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń rà á. Eyín kì í dá dúró lẹ́nu, erìgì ló dì í mú. Ara irin ni erìgì; kábáìdì tí wọ́n jó mọ́ ọn ni eyín. Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, wo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí o bá rí àlàfo tàbí ihò wẹ́wẹ́ níbẹ̀, erìgì ti ń jẹrà nìyẹn, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Mo ra irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú rí. Eyín kan yọ lẹ́nu iṣẹ́, inú pákó àjà la ti bá a. Ká ní ojú mi ló bá ńkọ́? Wo bí kábáìdì náà ṣe nípọn pẹ̀lú. Èyí tó fẹ́lẹ́ kò ṣeé pọ́n. Èyí tó nípọn, o lè pọ́n ọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó tán.

Kábáìdì yìí kì í sì í ṣe èyí tí àwọn wẹ́dà ń da omi sí kó di gáàsì, tí àwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ẹbu tungsten àti kábọ́ọ̀nù ni tiwa, kóbáltì ló so ó pọ̀ nínú iná.

Nípa ìdí eyín ráwútà, ibi tí ẹnu ẹ̀rọ ti ń dì í mú, ìdajì íńṣì sàn ju ìdámẹ́rin lọ bí ẹnu ẹ̀rọ rẹ bá gbà á, kì í gbọ̀n.

Bó bá jẹ́ arere nìkan lò ń gbẹ́, háí-sípíìdì lásán, èyí tí kò ní kábáìdì, lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrókò máa ń fi òkúta pamọ́ sínú. Má gbé háí-sípíìdì sún mọ́ ọn.