Ẹyẹ Àlọ-Àbọ̀ Ni, Kì í Ṣe Ẹyẹ Aṣíkiri

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, mo kó àwọn ọmọ kan lọ sétí odò Ọ̀wẹnà láti wo ẹyẹ. Bá a ṣe débẹ̀ ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan rà bàbà wálẹ̀, ó fẹnu kan omi fẹ́rẹ́ láìdúró, ó tún gbéra sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aṣọ aró tuntun, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa, torí kò ní í pẹ́ lọ. Ọmọ kan bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹyẹ aṣíkiri tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. "Ẹyẹ aṣíkiri" ni wọ́n fi túmọ̀ "migratory bird" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ẹyẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilẹ̀ méjì lọ́dọọdún. Ta là ń pè ní aṣíkiri? Ẹni tí kò níbùdó ni, tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́ bá òun. Ọ̀pọ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń padà síbi kan náà tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí lésìí. Ẹ̀dá tó mọ ọ̀nà ilé tó bẹ́ẹ̀, kí ló fi jọ aṣíkiri? "Àtìpó" náà ò ṣe é, torí orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àtìpó ń gbé. Àwọn tó ń kọ "ẹyẹ máígíréètì" ní tiwọn ò tilẹ̀ túmọ̀ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ògbufọ̀ ní "ẹyẹ arìnrìn-àjò" ló yẹ, pé àjò kì í dùn kónílé má relé. Òun ló sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n èèyàn lè rìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ kó jókòó. Ẹyẹ yìí ń lọ lọ́dọọdún, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi di "àlọ-àbọ̀" mú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gáréèjì ni, bí ẹni ń dúnàádúrà owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: kò sọ́mọ tó máa gbọ́ ọ tó máa béèrè ìtumọ̀.

Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó Ìdánrè tó nílé nígboro, tó ní aba lóko. Bí kòkó bá pọ́n, ó di aba. Bíṣẹ́ bá tán, ó di ilé lọ́dọ̀ aya àtọmọ. Kì í ṣe àlejò níbì kankan nínú méjèèjì. Ọ̀dọ̀ wa ni aba alápàáǹdẹ̀dẹ̀, Yúróòpù nilé tó ti ń bímọ. Bí òtútù bá mú kí kòkòrò tí ẹyẹ náà ń jẹ ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún, á gba ọ̀dọ̀ wa wá. Ní Ebbaken, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó ń sùn pọ̀ sínú koríko gíga lórí òkè. Tó bá di Ẹrẹ̀nà sí Ìgbé, wọ́n á padà, torí kòkòrò ti pọ̀ nílé, ojúmọ́ sì gùn láti fi wá oúnjẹ ọmọ. Àwọn tó ń wo ẹyẹ létí adágún omi àárín òkè ní Síwísáláǹdì á ti máa ṣọ́ èyí tó máa kọ́kọ́ dé, torí bí òtútù ò bá tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ojú omi ni wọ́n ti ń rí kòkòrò jẹ. Ẹyẹ tí ò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20, aṣálẹ̀ Sàhárà ló fò kọjá kó tó dé ọ̀hún!

Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń gbé ara ògiri wa látọdún dọ́dún, ìyẹn ọ̀tọ̀, n kò ní í dúró lé e. Lékeléke náà, ẹyẹ àlọ-àbọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wá bá wa. Bójò bá ti rinlẹ̀, á gba apá Òkè Ọya lọ. Àwọn ọmọdé tó ń nawọ́ sókè pé kó fún àwọn léékánná funfun ti mọ àsìkò rẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kó dé Ọ̀wẹnà ní ìdájí tàbí nírọ̀lẹ́. Ojú omi ni kó máa wò, kó má gbójú sókè.