Ẹ Má Dá Ọgbẹ́ Sí Elégédé Lára

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa elégédé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi jẹrà lórí pẹpẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan?" Èmi náà á bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ká a. Bí wọ́n bá ti ní àwọn fọwọ́ fà á já ni, mo ti mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ojú ọgbẹ́ ni kòkòrò àti omi ń gbà wọ inú elégédé, inú oko sì lọgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó fara jọ agbọ́n kékeré. Ọmọ elégédé tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ló fẹ́ràn. Á gún un, á yé ẹyin sínú. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí ojú bíńtín kan, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tí oje ti sun jáde tó sì gan síbẹ̀. Ẹ là á, ìdin ló kún inú rẹ̀. Èyí ti lọ nìyẹn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ fi sínú oòrùn. Ẹni tó bá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ń sin eṣinṣin fún ara rẹ̀ ni, torí inú ilẹ̀ ni ìdin náà ń wọ̀ lọ parí ìdàgbàsókè rẹ̀. Àwọn tó kù, ẹ fi bébà wé wọn gbàrà tí òdòdó bá ti rọ, títí awọ wọn á fi le.

Tata ní tirẹ̀, ewé ló ń jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣùjọ pọ̀ láàárọ̀ kùtù, tí òtútù ò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò káàkiri. Ẹ gbọ̀n wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ. Bó bá di dandan kí ẹ fín oògùn, ìrọ̀lẹ́ ni kó jẹ́. Àárọ̀ ni òdòdó ń là tí oyin ń bẹ̀ ẹ́ wò, elégédé tí oyin ò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í so. Ẹ̀yin tí ẹ ń já gbọ̀rọ̀ sọ́bẹ̀, ẹ rọra o: ewé yẹn ló ń bo èso lọ́wọ́ oòrùn.

Bí oṣù 3 sí 4 lẹ́yìn gbíngbìn, ẹ wo igi ìdí elégédé, èyí tó so ó mọ́ ìtàkùn. Tó bá ti gbẹ, tó le, tí èékánná ò sì wọ awọ mọ́, ó ti gbó. (Ẹyọ kan ni kí ẹ fi èékánná dán wò, ẹ má gún gbogbo oko!) Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi gé e, kí igi ìdí náà ṣẹ́kù bí ìka kan. Ẹ má fi igi yẹn gbé e.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, inú àpò ni mo kó o sí, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Igi ìdí ọ̀kan ń gún èkejì lára títí a fi délé. Kò pé ọjọ́ 10 tí gbogbo abà fi ń rùn.

Ẹ má fọ̀ ọ́, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ún. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tó móoru tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, lábẹ́ òrùlé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tò ó sórí pẹpẹ, kí ọ̀kan má kan èkejì, kí ẹ sì fi páànù yí ẹsẹ̀ pẹpẹ ká nítorí eku. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ojú kan bá ti ń rọ̀ lára rẹ̀, ẹ gé ibẹ̀ dànù, kí ẹ fi ìyókù se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.