Bí bee balm ṣe ń gbé ayé ẹ̀ nínú ọgbà, àti ohun tó ń mú ewé ẹ̀ funfun

Ẹni tó bá ń gbé Amẹ́ríkà tó sì fẹ́ kí oyin, labalábá àti ẹyẹ hummingbird máa wọ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé òun, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dárúkọ ewéko olódòdó kan tó ń jẹ́ bee balm fún un. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀, inú igbó àti etí odò ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti wá kó tó di nǹkan tí wọ́n ń tà nínú ike. Mọ̀lẹ́bí efinrin ni o. Ẹ fọwọ́ kan igi ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ní igun mẹ́rin bíi ti efinrin, ẹ ra ewé ẹ̀ lọ́wọ́, òórùn tó máa jáde ò ní ṣàjèjì sí imú yín, torí thymol, èròjà olóòórùn tó wà nínú ẹ̀, wà nínú efinrin wa náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé efinrin ò fẹ́ òtútù rárá, bee balm ní tiẹ̀ fẹ́ kí òtútù mú òun dáadáa lọ́dọọdún, kó sùn, kó tó tún jí.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bee balm kì í dúró sójú kan. Ó ní àwọn ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fà lọ lábẹ́ yẹ̀pẹ̀, wọn ò jìn rárá, ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti máa ń hu ọmọ tuntun, ọmọ yẹn náà á tún na tiẹ̀ síwájú. Tó bá wá di ọdún kejì sí ìkẹta, gbòǹgbò ti há mọ́ra wọn láàárín, ilẹ̀ ibẹ̀ ti rẹ̀, àárín á pá, etí á wá máa tutù yọ̀yọ̀. Àwọn tí ò mọ̀ máa rò pé ó ti ń kú. Kò kú o, ó ti ṣí lọ ni. Kí wọ́n fi ṣọ́bìrì hú gbogbo ẹ̀ nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n ju àárín tó ti gbẹ nù, kí wọ́n pín àwọn ti etí, kí wọ́n wá tún wọn gbìn, kí ààyè bí ínṣì 18 sí 24 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ààyè yẹn máa ń pọ̀ lójú nígbà tí ewéko ṣì kéré, ó máa ń wu èèyàn kó sún wọn mọ́ra kí ọgbà lè tètè kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún wọn mọ́ra.

Torí àrùn kan ni. Powdery mildew ni òyìnbó ń pè é, ewé á kàn funfun bíi pé èèyàn ku páúdà sí i, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á wá pọ́n, á gbẹ, á já. Irú olú kan ló ń fà á, àmọ́ ìwà ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ olú tó ń ba ewé jẹ́ ló fẹ́ kí omi dúró lórí ewé kí wọ́n tó hù, eléyìí ò nílò ìyẹn, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri, tó bá ti bà lé ewé tí afẹ́fẹ́ òru sì lọ́rinrin, ó ti hù nìyẹn, á máa fa oúnjẹ inú ewé mu. Ewéko tí òǹgbẹ ń gbẹ ló sì máa ń tètè mú. Ìdí gbẹ, orí lọ́rinrin, afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà gbà láàárín igi, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi lè pàdé nígbà ooru, ó ṣòro kí ewé má funfun. Kì í sábà pa á, àmọ́ ó máa ń bà á lẹ́wà jẹ́, ó sì máa ń tán an lókun.

Gbogbo ìtọ́jú ẹ̀ wá dá lórí mẹ́ta yẹn. Ìdí ni kí wọ́n bomi rin, láàárọ̀, kó wọlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi ewé gbígbẹ tàbí kọ́ḿpóòsì, ìyẹn ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà, bo ilẹ̀ kó má tètè gbẹ. Kó rí oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, ibi tí oòrùn bá ti ń jó jù kí òjìji díẹ̀ bò ó lọ́sàn-án. Fẹ́tílásà ò gbọ́dọ̀ pọ̀, torí ewé rọ̀bọ̀tọ̀ tó rọ̀ múyẹ́ ni àrùn yẹn ń wá. Tí igi tuntun bá ti ga tó ínṣì mẹ́fà, kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà, ó máa ń dun èèyàn láti gé nǹkan tó ń dàgbà dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ tó wúlò jù lọ́dún yẹn nìyẹn. Oògùn wà lóòótọ́, ìdènà lásán ni, ewé tó ti funfun ò ní padà sí bó ṣe wà. Yíyan irú tó ní agbára ló dáa jù: Jacob Cline, pupa ni, àti Marshall's Delight tó jẹ́ píǹkì, máa ń kojú àrùn náà dáadáa, Cambridge Scarlet tó ti pẹ́ nílẹ̀ lẹ́wà gan-an àmọ́ kì í lè kojú ẹ̀.

Òdòdó ẹ̀ dà bí ihò fèrè gígùn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni omi dídùn wà. Ahọ́n oyin tó ń ṣe oyin tí à ń lá kì í sábà dé ìsàlẹ̀ yẹn lára èyí tó pupa, hummingbird àti àwọn oyin ńlá onírun ló ń débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oríṣiríṣi oyin, kó gbin aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní Monarda fistulosa mọ́ ọn, ihò tiẹ̀ kúrú díẹ̀. Tí òdòdó bá ti ń rọ, kí wọ́n máa gé orí ẹ̀, á tún yọ òmíì. Wọ́n ń fi ewé ẹ̀ se tíì náà, Oswego tea ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ohun táwọn ará Amẹ́ríkà mu dípò tíì lẹ́yìn tí wọ́n da tíì Gẹ̀ẹ́sì sómi ní Boston lọ́dún 1773.

Nígbà tí òtútù bá dé, gbogbo òkè ẹ̀ máa kú, ìsàlẹ̀ ò kú. Èyí tí àrùn bá mú, kí wọ́n gé e sílẹ̀ kí wọ́n kó o dànù sínú ike ìdọ̀tí, kì í ṣe sínú kọ́ḿpóòsì, torí olú yẹn lè sùn sára igi gbígbẹ di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó wà ní Texas tí ooru ibẹ̀ pọ̀ jù fún ti pupa yìí ní tiwọn, Monarda citriodora ni wọ́n ń pè é, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ta. Ọdún kan péré ló ń lò, nítorí náà tó bá tanná tán kí wọ́n má tètè gé e, kí wọ́n jẹ́ kí irúgbìn ẹ̀ gbẹ kó sì já bọ́ sílẹ̀, á tún hù fúnra ẹ̀.